Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, Ońṣẹ́ Àlàáfíà

Kò yẹ kí ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìlútítun, tàbí níbikíbi ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ka ìwé mẹ́fà tán láìgbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips. Ọ̀nà tí ó gba lọ sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Gómìnà Glover ni ó là á ní ọdún 1872, kí èrò lè gba orí ọ̀sà láti Èkó wá sí etí ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn gba Oǹdó lọ sí òkè, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú bá ti ọ̀nà tiwọn. Ní 1877 ni Phillips dé Oǹdó gẹ́gẹ́ bí àlùfáà Ìjọ C.M.S. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Charles Phillips, ti ṣiṣẹ́ Ìjọ ní Ìjàyè, ìlú tí àwọn Ìbàdàn pa run ní 1862. Nítorí náà, ogun kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ nínú ilé wọn.

Ọdún tí ó dé Oǹdó náà ni iná ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn. Nígbà tí Gómìnà Moloney fẹ́ pa á ní 1886, àlùfáà méjì ni ó rán. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, lọ bá Aláàfin àti àwọn Ìbàdàn. Phillips lọ bá Ògèdèǹgbé àti àwọn olórí Èkìtìparapọ̀. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni. Ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá, amí ni lójú jagunjagun. Ẹni tí ó bá sì ní kí ènìyàn gbé ìbọn sílẹ̀ kí ọ̀tá tó gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀tá ni òun pàápàá. Síbẹ̀ a fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó ní ọjọ́ kẹrin oṣù June, a sì tú ibùdó Kírìjì ká ní September. Ọ̀ràn Modákẹ́kẹ́ àti ti Ọ̀fà kò tán bọ̀rọ̀, ó di 1893; a kò ní fi ìyẹn pa mọ́.

Ìjà kejì tí ó kàn án, ìjà inú ilé ni. Ní 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere kan dá àwọn òṣìṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dúró lójú rẹ̀. Ní August 1891, àwọn kan jáde kúrò nínú Ìjọ ní Èkó, wọ́n sì dá United Native African Church sílẹ̀. Àgbàlagbà náà kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún yẹn. Gbogbo ojú ń wo Lọ́ńdọ́ọ̀nù bóyá aláwọ̀ dúdú ni yóò rọ́pò rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n yàn, J. S. Hill, wọ́n sì ń wá aláwọ̀ dúdú tí yóò ṣe igbákejì rẹ̀. James Johnson, ẹni tí Èkó ń fojú sọ́nà fún, kọ̀. Isaac Olúwọlé àti Phillips gbà, a sì fi wọ́n jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù June, 1893.

Àwọn ará Èkó kan ní ààbọ̀ oyè ni wọ́n gbà. Àwa kò sọ pé àwọn tí ń ráhùn náà ṣì sọ, nítorí ó di 1952 kí A. B. Akínyẹlé tó di bíṣọ́ọ̀bù tí ó ní ẹkùn tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Hill àti aya rẹ̀ kú ní January 1894, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó. Bí Phillips àti Olúwọlé bá ti kọ̀ ni, ta ni ìbá máa fi ọwọ́ lé àwọn ọmọ Ìjọ lórí títí Tugwell fi jẹ? Nígbà tí Ìjọ Breadfruit sì fọ́ ní 1901, tí ọ̀pọ̀ jáde lọ dá Bethel sílẹ̀ nítorí ìwà tí Tugwell hù sí James Johnson, Phillips kò bá wọn lọ. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé James Johnson pàápàá kò lọ.

A mọ̀ pé àwọn òǹkàwé wa tí ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú lè ní ojo ni ẹni tí ó gba ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí 1965, kí wọ́n sì rántí August 1983, nígbà tí ilé jó tí ẹ̀mí sì ṣòfò káàkiri Ìpínlẹ̀ Oǹdó nítorí ìbò. Àwọn tí ó jọ ń mu nínú ago Olúwa kan náà wà nínú àwọn tí ó dojú kọ ara wọn. Ẹni tí ó ti wọ ibùdó ogun Ìmẹ̀sí-Ilé rí mọ ohun tí í máa ń kù nílẹ̀ bí olúkúlùkù bá ní gbogbo rẹ̀ ni òun yóò gbà, àfi bí kò bá sí.

Phillips kú ní 1906. Ọmọ rẹ̀, T. K. E. Phillips, ni ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Èkó láti 1914 títí di 1962, tí ó sì ń wá ọ̀nà kí orin inú Ìjọ bá ohùn Yorùbá mu. Nínú àwọn akọrin wa lónìí, ẹni tí ó mọ orúkọ ọmọ pọ̀ ju ẹni tí ó mọ ti bàbá lọ.