Ta ni Ole Kirk Christiansen, káfíńtà tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ bíríkì ike di ohun ìṣeré gbogbo ayé?

Ní Gonzagueville, ládùúgbò Port-Bouët nílùú Abidjan, àwọn yàrá ìkàwé kan wà tí wọn kò fi sìmẹ́ńtì mọ ògiri wọn. Bíríkì ike ni wọ́n fi kọ́ wọn. Bíríkì kan máa ń há sínú èkejì, òòlù ni wọ́n sì fi ń gbá a wọlé títí ògiri yóò fi dúró.

Àjọ UNICEF àti ilé iṣẹ́ Conceptos Plásticos láti orílẹ̀-èdè Colombia ló gbé iṣẹ́ náà wá sí Côte d'Ivoire. Ike tí àwọn èèyàn ti jù nù ni wọ́n ń yọ́ láti fi ṣe bíríkì náà. Nígbà tí wọ́n kéde ilé iṣẹ́ tí yóò máa ṣe é ní oṣù Keje, ọdún 2019, UNICEF sọ pé pàǹtírí ike tó ń jáde nílùú Abidjan nìkan lójúmọ́ lé ní 280 tọ́ọ̀nù, àti pé nǹkan bí ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọ́n ń tún lò.

Ẹni tó bá rí bíríkì náà, orúkọ ohun ìṣeré ọmọdé kan ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: LEGO. Ilé iṣẹ́ LEGO kọ́ ló ṣe bíríkì ti Abidjan o. Ṣùgbọ́n káfíńtà kan láti abúlé kan ní Denmark ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé bíríkì ike lè di ara wọn mú láìsí ìṣó, láìsí gọ́ọ̀mù. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ọkùnrin náà ti kú.

Orúkọ rẹ̀ ni Ole Kirk Christiansen. Ìtàn ayé rẹ̀ rèé.

Ọmọ tálákà tó kọ́ iṣẹ́ igi

Ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 1891 ni wọ́n bí Ole Kirk nítòsí abúlé Filskov, ní agbègbè Jutland lórílẹ̀-èdè Denmark. Àwọn òbí rẹ̀ kò rí já jẹ, ọmọ wọn sì pọ̀. Láti kékeré ló ti ń da ẹran jẹ̀ káàkiri pápá.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì àti Norway. Norway ló ti pàdé Kirstine Sørensen, ẹni tó padà di ìyàwó rẹ̀.

Ní ọdún 1916, ó ra ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Billund, abúlé kékeré kan tí àgbẹ̀ pọ̀ sí. Ó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ń kọ́ ilé, ó sì ń kan àga àti tábìlì fún àwọn àgbẹ̀. Kirstine bí ọmọkùnrin mẹ́rin fún un: Johannes, Karl Georg, Godtfred àti Gerhardt.

Iná àkọ́kọ́

Ní ọdún 1924, méjì nínú àwọn ọmọ náà wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n fẹ́ tan ohun tí bàbá wọn fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù. Iná ran èéfọ́ igi tó wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àti ilé jó kanlẹ̀.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún Ole Kirk. Ó kọ́ ilé tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé ère kìnnìún méjì sí ẹnu ọ̀nà. Ilé náà ṣì wà ní Billund títí dòní.

Ọdún 1932: ikú wọlé, owó jáde

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ káàkiri àgbáyé láàárín ọdún 1929 sí ọdún 1932, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Billund. Wọn kò rówó kọ́lé mọ́. Ole Kirk ní láti dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Láti rí oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn nǹkan kéékèèké tí ìdílé lè rà: àkàbà, àpótí ìjókòó, pákó ìlọṣọ. Lẹ́yìn náà ló fi ohun ìṣeré onígi kún un: ọkọ̀ kékeré, ẹran tó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ọmọdé ń fi okùn fà.

Ọdún 1932 kan náà ni Kirstine kú. Ole Kirk di opó ọkùnrin pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́. Àbíkẹ́yìn wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Godtfred, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Oníṣòwò ńlá kan wá ra ohun ìṣeré púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wá kó ọjà náà, oníṣòwò ọ̀hún ti wọ gbèsè. Ole Kirk gbé ọjà rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń kiri rẹ̀ láti abúlé dé abúlé. Nígbà mìíràn, oúnjẹ ni àwọn èèyàn fi ń san owó rẹ̀.

Nígbà tó yá, ohun ìṣeré tí wọ́n ń pè ní yo-yo gbòde kan. Ó ṣe é púpọ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn kò fẹ́ yo-yo mọ́, kò da èyí tó kù nù. Ó là wọ́n sí méjì, ó sì fi wọ́n ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ ìṣeré.

Ní ọdún 1934, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, Sofie. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 náà ló sọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní LEGO. Ọ̀rọ̀ èdè Denmark méjì ló pa pọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kéèyàn ṣeré dáadáa.

Pẹ́pẹ́yẹ tó padà wálé

Ìtàn kan wà tí ìdílé náà kì í fi ṣeré. Lọ́jọ́ kan, Godtfred kun àwọn pẹ́pẹ́yẹ onígi kan ní fáníìṣì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yẹ kó kùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló kùn wọ́n, ó sì ti kó wọn lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń ròyìn fún bàbá rẹ̀ pé òun ti bá ilé iṣẹ́ dín owó kù.

Inú Ole Kirk kò dùn rárá. Ó ní kí ọmọ náà padà lọ kó pẹ́pẹ́yẹ wálé, kó kùn wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, kó dì wọ́n padà, kó sì dá wọn padà sí ibùdó ọkọ̀, kódà bó bá gbà á ní gbogbo òru. Òun nìkan ni yóò sì ṣe é.

Ọmọdé tó ń fa pẹ́pẹ́yẹ kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kùn ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lójú Ole Kirk, ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ tó bá máa ti ọwọ́ rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ pé.

Iná kejì, àti ẹ̀rọ tí gbogbo ilé kọ̀

Ní oṣù Kẹta, ọdún 1942, lásìkò tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń ṣàkóso Denmark, iná tún jó ilé iṣẹ́ náà. Ọjà jó, igi jó, àwòrán tí wọ́n fi ń ṣe àwọn ohun ìṣeré náà jó pẹ̀lú. Ole Kirk ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà yẹn. Ó tún ilé iṣẹ́ kọ́.

Lẹ́yìn ogun, igi dára kò rọrùn rí. Ole Kirk wá rí ẹ̀rọ kan tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, tó máa ń yọ́ ike, tó sì máa ń tì í sínú mọ́ọ̀dù. Ó rà á ní nǹkan bí 30,000 owó kroner, owó tó pọ̀ gan-an fún ilé iṣẹ́ abúlé. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Lójú wọn, ohun ìṣeré onígi ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, kí ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ike?

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ̀rọ náà dé Billund ní ìparí ọdún 1947.

Ta ló kọ́kọ́ ronú bíríkì náà?

Ibí yìí ni ìtàn Ole Kirk ti ní ohun tó yẹ kí a sọ láìfi bò. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe bíríkì ike. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Hilary Fisher Page, tó ni ilé iṣẹ́ Kiddicraft, ló ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ole Kirk àti Godtfred rí bíríkì Page, wọ́n tún un ṣe díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiwọn ní ọdún 1949.

Page kú ní ọdún 1957. Ní ọdún 1981 ni LEGO ra ẹ̀tọ́ tó wà lórí bíríkì Kiddicraft.

Bíríkì àkọ́kọ́ tí LEGO ṣe kò tà dáadáa. Inú rẹ̀ ṣófo. Ọmọdé lè to ọ̀kan lé èkejì, ṣùgbọ́n bó bá gbé ilé tó kọ́ kúrò nílẹ̀, ó lè tú ká mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kò sì fẹ́ ohun ìṣeré ike nígbà náà.

Ìyípadà tó dé kó tó kú

Ní ọdún 1951, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Ole Kirk. Láti ìgbà náà, ọwọ́ Godtfred ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wà. Òun ló dá a lábàá pé kí gbogbo bíríkì LEGO jẹ́ ara ètò kan ṣoṣo, kí èyí tí ọmọ rà lónìí lè bá èyí tó rà lọ́dún tó kọjá mu. Ọdún 1955 ni ètò náà jáde.

Ó wá ku bíríkì tó ń tú. Godtfred àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi páìpù kéékèèké sínú bíríkì. Bí wọ́n bá tẹ bíríkì kan mọ́ orí èkejì, àwọn kókó tó wà lórí ti ìsàlẹ̀ yóò há sáàárín páìpù àti ògiri ti òkè. Kò ní tú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré lè fi ọwọ́ yọ ọ́.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, ọdún 1958, wọ́n gbé ìwé lọ sí Copenhagen kí ẹlòmíràn má baà lè ṣe irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún kan náà, Ole Kirk Christiansen kú. Ọmọ ọdún 66 ni.

Láàárín ọjọ́ méjèèjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni.

Àwọn ẹ̀rọ tí kò fojú rí

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ LEGO fún lónìí, Ole Kirk kò rí i. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ní rọ́bà dé ní ọdún 1962. Ọkọ̀ ojú irin tó ń fi iná bátìrì rìn dé ní ọdún 1966. Kẹ̀kẹ́ eléyín, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní jíà, dé ní ọdún 1970. Ní ọdún 1977 ni àwọn ẹ̀yà tí wọ́n padà sọ ní Technic jáde: irin gbọọrọ tí wọ́n fi ike ṣe, òpó oníhò, àti jíà oríṣiríṣi.

Láti ìgbà náà, kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n ń fi bíríkì kọ́ mọ́. Àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ràn rẹ̀ ń fi ṣe aago tó ń ka wákàtí, kéréènì tó ń gbé ẹrù, àti ọkọ̀ tó ní jíà tó ṣeé yí padà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bí jíà oléyín 8 bá ń yí jíà oléyín 24, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kékeré gbọ́dọ̀ yí kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré á dín kù, agbára á pọ̀ sí i. Bákan náà ni jíà ọkọ̀ gidi ṣe ń gun òkè.

Ṣùgbọ́n bí ihò kan bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ yẹ̀ kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà, jíà mẹ́wàá tó tẹ̀ lé ara wọn kò ní yí. Gbogbo rẹ̀ á há. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ọjọ́ kìíní fi ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò lè fara mọ́ fáníìṣì ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ́ àwọn tó ṣe mọ́ọ̀dù yìí.

Ike tí kì í jẹrà

Bíríkì ike lágbára, ìyẹn náà sì ni ìṣòro rẹ̀, nítorí ike kì í jẹrà bọ̀rọ̀. LEGO fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú láti fi ike inú ìgò tí wọ́n ti lò ṣe bíríkì. Ní ọdún 2023, ó kéde pé òun ti pa ìyẹn tì, nítorí ẹ̀rọ tuntun tí yóò nílò kò ní jẹ́ kí èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ dín kù.

Ti Abidjan yàtọ̀. Ògiri yàrá ìkàwé kò nílò kí bíríkì rẹ̀ pé pérépéré bíi ti jíà. Ohun tó nílò ni pé kó há mọ́ra, kó sì má wó. Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, yàrá mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní Gonzagueville, Divo àti Toumodi. Èrò wọn ni láti kọ́ 528 fún ọmọ 26,400.

Godtfred kú ní ọdún 1995. Ìdílé Ole Kirk ló ṣì ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ LEGO, Billund sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Bíríkì tí wọ́n ṣe ní ọdún tí bàbá náà kú ṣì ń há mọ́ èyí tí wọ́n ṣe lónìí.