George Washington Gale Ferris Kékeré

George Washington Gale Ferris Kékeré (14 oṣù Kejì ọdún 1859 – 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1896) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó ṣe kẹ̀kẹ́ Ferris, kẹ̀kẹ́ ńlá tí ó ń gbé ènìyàn yí lọ sókè sódò fún ìgbafẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Wọ́n bí Ferris ní ìlú Galesburg, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ó gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Rensselaer Polytechnic Institute ní ọdún 1881. Lẹ́yìn náà, ó dá ilé-iṣẹ́ tí ń yẹ irin afárá wò sílẹ̀ ní ìlú Pittsburgh.

Kẹ̀kẹ́ ti Chicago

Àwọn olùṣètò àfihàn àgbáyé ti ìlú Chicago ní ọdún 1893 ń wá ohun tí yóò borí ilé-ìṣọ́ Eiffel ti ìlú Paris. Nígbà tí Ferris mú àwòrán kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, àwọn kan bẹ̀rù pé yóò wó. Síbẹ̀, ó parí rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 21 oṣù Kẹfà. Gíga rẹ̀ tó mítà 80. Yàrá 36 ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba ènìyàn 60. Ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ni ó gùn ún, kò sì wó.

Ikú àti ogún

Lẹ́yìn àfihàn náà, aáwọ̀ lórí owó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ferris àti àwọn olùṣètò. Ibà táífọ́ọ̀dù pa á ní Pittsburgh nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 37. Ní ọdún 1906, wọ́n fi ohun abúgbàmù wó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ìlú St. Louis. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1900 ni W. E. Sullivan, tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ ti Chicago, ti ṣe èyí tí ó kéré, tí a lè tú palẹ̀ kó láti ìlú dé ìlú. Orúkọ Ferris ni a ṣì fi ń pe gbogbo wọn.