Adékúnlé Fájuyì: Sójà Èkìtì Tó Kú Pẹ̀lú Àlejò Rẹ̀

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, Nàìjíríà máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ti kú. Ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. Bí àwọn ọmọ wa ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn bá bi wá pé ta ni à ń rántí, ó yẹ ká lè dárúkọ ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ Èkìtì bíi tiwọn, ká sì sọ ohun tó ṣe.

Adó-Èkìtì ni wọ́n ti bí Francis Adékúnlé Fájuyì ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1926. Ilé ìwé ìjọ Àgùdà ló lọ. Lọ́dún 1943, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jà, ó wọ iṣẹ́ sójà. Kì í ṣe ipò ọ̀gá ló bá wọlé. Ó gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di sájẹ́ǹtì. Nígbà tí àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ fárígá nítorí oúnjẹ, ó wà lára àwọn tó pẹ̀tù sí wàhálà náà, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal lọ́dún 1951. Lọ́dún 1954, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá sójà.

Lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè Kóńgò gba òmìnira lọ́dún 1960, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sì kó ọmọ ogun lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Lọ́dún 1961, ní àríwá Katanga, àwọn ọ̀tá ba dè Fájuyì àti àwọn sójà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yọ wọ́n jáde. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fún un ní Military Cross. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín wà lẹ́nu iṣẹ́ sójà mọ ohun tí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ já mọ́.

Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi fi Fájuyì ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Abẹ́ ìjọba yìí ni gbogbo Èkìtì wà nígbà náà. Ìlú gbóná tó gbà, nítorí ẹnu àìpẹ́ yẹn ni àwọn olóṣèlú ń dáná sun ilé ara wọn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù keje, Ironsi wá sí Ìbàdàn láti bá àwọn ọba ṣèpàdé. Ilé ìjọba lọ́dọ̀ Fájuyì ló sùn sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn sójà ti yí ilé náà ká. Wọ́n mú àlejò, wọ́n mú onílé, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì nínú igbó lẹ́bàá Lálúpọn. Ẹni 40 ọdún ni Fájuyì. Ọ̀rọ̀ kò bára mu lórí ohun tó sọ fún àwọn sójà náà. Àwọn kan ní ó kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n mú àlejò òun lọ láìmú òun, àwọn mìíràn ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn rẹ̀ ni pé ilé rẹ̀ ni àlejò náà wọ̀ sí, àti pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n kú.

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà kọjá kí ìjọba tó kéde ikú wọn. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967 ni wọ́n tó sin ín sí Adó-Èkìtì.

Fájuyì kì í ṣe Mùsùlùmí. Ṣé ó wá yẹ ká mẹ́nu bà á nínú ilé wa? Ẹ jẹ́ ká rántí Mut'im ọmọ Adiyy. Nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń ti Tá'if bọ̀, tí àwọn ará Mẹ́kà ò fẹ́ kó wọlé, Mut'im àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ohun ìjà, wọ́n dáàbò bò ó. Mut'im kú láìgba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Síbẹ̀, lẹ́yìn ogun Badr, Ànábì sọ pé bó bá wà láàyè, tó sì bá òun sọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹrú ogun, òun ì bá tú wọn sílẹ̀ fún un. Ànábì kò gbàgbé oore. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni ìdájọ́ wà. Tiwa ni ká jẹ́rìí sí ohun rere tí a rí.

Orúkọ Fájuyì wà lára bárékè ní Ìbàdàn, ó wà lára ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, ọgbà ìrántí rẹ̀ sì wà ní Adó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sójà ló kú tí ẹnikẹ́ni ò fi orúkọ wọn sọ òpópónà, àwọn ará wa Mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Opó wọn lè wà ní mọ́sálásí àdúgbò yín. Ẹ béèrè wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ bá wọn tọ ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn tó há, ẹ sì rántí wọn bí ẹ bá ń pín sàká.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn Mùsùlùmí tó kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí, kó sì dá àwọn ọmọ wa tó wà nínú rẹ̀ padà sílé láyọ̀. Àmín.