Carothers, ọkùnrin tó ṣe náílọ́ọ̀nù tí kò dúró jẹ ògo rẹ̀

Ní Costain, l'Ékòó, kò sí ìgbà tí oòrùn bá mú tí ẹ kò ní í rí àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀. Náílọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ wa ń pe ọ̀rá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Polythene ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1933. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ilé iṣẹ́ ìkọ́lé àwọn òyìnbó ṣe di orúkọ àdúgbò Costain, bẹ́ẹ̀ ni náílọ́ọ̀nù ṣe di orúkọ gbogbo ọ̀rá. Wallace Hume Carothers ló ni náílọ́ọ̀nù gan-an.

Ìlú Burlington, ní ìpínlẹ̀ Iowa, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 27, oṣù kẹrin, ọdún 1896. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Illinois lọ́dún 1924, ó ń ṣe olùkọ́ ní Harvard kí ilé iṣẹ́ DuPont tó fà á lọ sí Wilmington lọ́dún 1928. Kò fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ fún wọn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá òun fínra.

Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti so àwọn èérún tí ojú kò lè rí pọ̀ di ẹ̀wọ̀n gígùn. Lọ́dún 1930, Julian Hill tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ọ̀pá bọ inú ohun yíyọ́ kan, ó fà á sókè, òwú sì jáde. A gbọ́ pé nígbà tí ọ̀gá kò sí nítòsí, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fa òwú náà sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọmọdé. Eré yìí ló bí àwárí ńlá, nítorí òwú tí wọ́n fà lẹ́yìn tó ti tutù kò já bọ̀rọ̀ mọ́. Kí wọ́n tó fà á, ṣe ni àwọn ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí irun tí òòyà kò kàn. Fífà ló tò wọ́n sójú kan, wọ́n wá di ara wọn mú létòlétò bí ìgbà tí omi ṣúgà bá di hóró.

Ẹ gé ọ̀rá omi ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ rọra fà á. Yóò kọ́kọ́ tẹ̀lé ọwọ́ yín, yóò tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ni yóò yarí. Àmọ́ ìhà kan ṣoṣo ni agbára náà wà: ìlà tí ẹ fà á sí ni yóò ti tètè ya. Bí ooru bá kàn án, yóò súnkì, nítorí àwọn ẹ̀wọ̀n náà ti ráyè ká padà. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń lò sí ọ̀rá tó fún mọ́ àwọn ike omi tí wọ́n dì pọ̀.

Òwú ọdún 1930 yẹn kò wúlò fún aṣọ. Ooru díẹ̀ ló ń yọ́ ọ, kò lè gba áyọ́ọ̀nù. Carothers pa á tì fún ìgbà díẹ̀, kó tó di pé náílọ́ọ̀nù jáde lọ́jọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 1935. Ìyẹn kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bí 260 ní ìwọ̀n Celsius.

Lọ́dún 1936, wọ́n gbà á sẹ́gbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ó dá a lójú pé òun ti kùnà, ohun tó dùn wá jù nínú ìtàn rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 1937, Isobel àbúrò rẹ̀ kú. Lọ́jọ́ 9, oṣù kẹrin, wọ́n kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí náílọ́ọ̀nù. Ogúnjọ́ lẹ́yìn náà, Carothers gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélógójì. Oyún wà nínú Helen ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin ló sì bí ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Oṣù kẹwàá ọdún 1938 ni DuPont tó kéde náílọ́ọ̀nù fáráyé. Nígbà tó di ọjọ́ 15, oṣù karùn-ún, ọdún 1940, tí ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù dé ọjà káàkiri Amẹ́ríkà, ṣe ni àwọn obìnrin ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti rà á.