Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, Ẹni tó Fún Jíìpù ní Jíà Mẹ́rin Sẹ́yìn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kíláàsì Agric, a ń kọ́ nípa katakata tí wọ́n fi ń túlẹ̀, ẹnì kan nínú wa wá béèrè bóyá katakata lè lo bátìrì dípò dísẹ́ẹ̀lì. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní NEPA tí kò lè gbé fáànù, ṣé katakata ló máa wá gbé? Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Àmọ́ nígbà tí mo délé, ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Awójọbí.

Wọn ò ṣe katakata oníná o, kí n tètè sọ ọ́. Jíìpù ni wọ́n ṣe. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Òṣòdì ni wọ́n bí wọn sí, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1937. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá wọn, ọ̀gá téṣàn rélùwéè sì ni bàbá náà. Ìyá wọn wá láti Mọdákẹ́kẹ́, òwò ni wọ́n ń ṣe. St. Peter's ní Fàájì ni Awójọbí ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wọ CMS Grammar School. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣeré Macbeth, àwọn ni wọ́n sì fi ṣe Macbeth fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwọn nìkan ni wọ́n há sórí, gbogbo eré náà pátá ni, débi pé wọ́n lè rán àwọn tó kù létí. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń pè wọ́n ní Macbeth. Ẹ̀yin ará Art class, ẹ gbọ́ o, ọmọ Science ni.

Ní 1955 wọ́n gba distinction mẹ́jọ nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Wọ́n lọ sí Ìbàdàn, wọ́n lọ sí Zaria, wọ́n gba first class níbẹ̀ ní 1962, ìjọba sì ran wọn lọ́wọ́. Ìyẹn náà tán, ó di London, ní Imperial College, níbi tí wọ́n ti gba PhD ní 1966. Wọ́n padà wá sí Unilag láti máa kọ́ni. Ní 1974, ilé ìwé London kan náà fún wọn ní DSc. Ọmọ ọdún 37 ni wọ́n nígbà yẹn, kò sì sí ọmọ adúláwọ̀ tó ti gba irú rẹ̀ rí níbẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹkáníkà. Ìgbà yẹn ni Unilag sọ wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ohun tí wọ́n kọ́ jù ni ìgbọ̀n: bí ohun tó wúwo ṣe ń gbọ̀n lórí ilẹ̀, àti bí ilẹ̀ náà ṣe ń bá a gbọ̀n. Ẹni tó bá ti gbé jẹnẹrétọ̀ sórí pákó rí mọ ohun tí mò ń wí.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọn kì í fi ìmọ̀ wọn sínú ìwé nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì, a bọ́ sí ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó wà nílẹ̀ ló wá di pé sítíárìn wọn wà níbi tí kò yẹ. Awójọbí tú Opel tiwọn palẹ̀, wọ́n gbé sítíárìn rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì.

Lẹ́yìn náà ni jíìpù dé, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà ń lò. Ẹ mọ̀ pé mọ́tò ní jíà mẹ́rin tàbí márùn-ún síwájú, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló ní sẹ́yìn, ìyẹn náà sì ń rìn bí ìgbín. Awójọbí tún jíìpù yìí ṣe débi pé jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń lò síwájú náà ló ń lò sẹ́yìn. Wọ́n sọ ọ́ ní Autonov 1.

Kí ni ìyẹn kan katakata? Ó kàn án gan-an. Katakata kì í ṣe mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn, tó máa kọjú síbì kan títí táá fi débẹ̀. Tó bá ń kó yẹ̀pẹ̀, á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ń ṣe katakata tó ní jíà síwá-sẹ́yìn lókèèrè, àmọ́ irin inú rẹ̀ pọ̀, tó bá sì bàjẹ́ nínú oko, ta ló máa tún un ṣe?

Ibi tí iná ti wọlé nìyí. A ti ṣe é ní Physics, nígbà tí gbogbo wa ń ká ìka òsì wa bí ẹni pé a fẹ́ yìnbọn: Fleming's left-hand rule. Tí o bá yí ọ̀nà tí iná ń gbà nínú wáyà padà, ẹ̀rọ á máa yí sí òdìkejì, agbára rẹ̀ ò sì ní dín. Kò nílò jíà rìfáàsì rárá. Ohun tí Awójọbí fi irin àti òógùn ṣe, iná ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún lágbára láti ìgbà tí táyà ò tíì yí, ohun tí katakata sì nílò nìyẹn tó bá rì sínú ẹrẹ̀.

Ìṣòro wà o. Fendt ní Jámánì ń ṣe katakata onibátìrì, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 100 kWh, ó sì ń ṣiṣẹ́ bíi wákàtí mẹ́rin sí méje. Mo ṣírò rẹ̀: lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní nǹkan bíi 10 kWh nínú, ẹ́ńjìnnì sì ń fi bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ ṣòfò méjì, ó lo ọ̀kan. Nítorí náà bátìrì ńlá yẹn ò ju nǹkan bíi lítà 30 lọ, kẹ́ẹ̀gì kan àti díẹ̀! Iṣẹ́ kékeré ló lè ṣe, kò lè túlẹ̀ oko ńlá látàárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀nà àárín ni kí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì máa yí jẹnẹrétọ̀, kí iná jẹnẹrétọ̀ máa yí táyà. Kò dúró de NEPA kankan. Ẹ má rò pé àlá ni, bí orí rélùwéè tó ń wá kó kòńténà ní Apapa ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi lè fà síwájú tàbí sẹ́yìn láìyí padà. Ọmọ ọ̀gá téṣàn ni Awójọbí, ẹ rántí.

Wọn ò dàgbà débi tí wọ́n fi rí èyí. Lẹ́yìn ìdìbò 1979, òṣèlú gba púpọ̀ nínú àsìkò wọn. Wọ́n pe ìjọba Ààrẹ Shagari lẹ́jọ́, wọ́n kọ ìwé lórí ibi tí owó epo wa gbà lọ, wọ́n ń lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọn ì bá jókòó ti ẹ̀rọ wọn. Mo kọ́kọ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ ta ló máa fi owó ṣe Autonov kejì tí owó epo bá ti gba ibòmíì lọ? Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni wọ́n kú, ní ọmọ ọdún 47. Ìkòròdú ni wọ́n sin wọ́n sí. Ère wọn wà ní Oníkè, ní Yábàá.

Ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń wa forklift ní wáàfù, kó jọ̀ọ́ bá wa bi wọ́n: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń fi rìfáàsì lójúmọ́? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fún Press Club kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.