Bessie Coleman: Akọni Obìnrin Tí Ó Fi Bàálù Àlòkù Dárà Lójú Ọ̀run

Gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, a tún mú ìtàn ọ̀kan nínú àwọn akọni adúláwọ̀ tí ó ti kọjá lọ wá, kí a lè kà á, kí a sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa. Bessie Coleman ni ó kàn lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nínú oṣù Kejì, oṣù tí wọ́n fi ń rántí ìtàn àwọn adúláwọ̀ níhìn-ín. Ohun tí wọ́n sábà ń kọ́ wọn ni pé òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó gba ìwé àṣẹ láti wa bàálù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, ìdajì ìtàn ni a sọ. Ọ̀nà tí ó gbà kú ní ẹ̀kọ́ nínú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ó gbà gbé ayé rẹ̀.

Ìgbà èwe rẹ̀

A bí Bessie ní ọjọ́ 26, oṣù Kìíní, ọdún 1892, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Texas. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Atlanta ti Georgia ni. Òun ni ọmọ kẹwàá nínú ọmọ mẹ́tàlá. Nígbà tí ó wà ní kékeré ni àwọn òbí rẹ̀, George àti Susan, kó lọ sí Waxahachie. Ní 1901, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú ní Texas sú bàbá rẹ̀, ẹni tí ó tún ní ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà lára. Ó kọrí sí Oklahoma, ìyá kò sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, ìyá nìkan ni ó ń tọ́ àwọn ọmọ, tí ó ń bá àwọn òyìnbó ṣe iṣẹ́ ilé kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ.

Ẹsẹ̀ ni Bessie fi ń rin nǹkan bí máìlì mẹ́rin lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí àkókò ìkórè òwú bá dé, ìwé kíkà dúró nìyẹn, oko òwú ni tọmọdé tàgbà ń lọ. Orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò, òun ni ó sì ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣírò òwú tí wọ́n já, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ wọn jẹ. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣe alágbàfọ̀, ó fi owó náà wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Langston, Oklahoma, ní 1910. Sáà kan péré ni owó ọwọ́ rẹ̀ gbé e dé. Ó padà sílé, ó tún ń fọ aṣọ.

Ní 1915, ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Chicago. Ó kọ́ iṣẹ́ títún èékánná ṣe, ó sì ń ṣe é ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ìtàn àwọn ológun tí wọ́n ti ojú ogun dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John, tí ó ti bá wọn jagun ní ilẹ̀ Faransé, a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn obìnrin Faransé ń wa bàálù, ohun tí obìnrin adúláwọ̀ ti Chicago kò lè dán wò láéláé. Ẹ̀fẹ̀ ni lẹ́nu John, ṣùgbọ́n Bessie kò gbà á lẹ́fẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó pinnu pé bàálù ni òun yóò wà.

Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní òkè òkun

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ bàálù kan ní Amẹ́ríkà tí ó gbà á. Obìnrin ni, adúláwọ̀ sì ni. Bí ó ti rí nìyẹn fún àwọn ọkùnrin pẹ̀lú. Eugene Bullard, ọmọ Georgia, ti wa bàálù ogun fún ilẹ̀ Faransé ní 1917, ṣùgbọ́n nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun náà, wọn kò gbà á sínú ẹgbẹ́ awabàálù tiwọn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Robert Abbott, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, ni ó gba Bessie nímọ̀ràn pé kí ó lọ sí Faransé. Bessie kọ́ èdè Faransé, ó kó owó jọ, àwọn ènìyàn ràn án lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kọkànlá ọdún 1920.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn arákùnrin Caudron ní Le Crotoy, ní etí òkun àríwá Faransé, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Bàálù Nieuport ni wọ́n fi kọ́ ọ. Igi, wáyà àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, kò sì ní bíréèkì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbéra, ó ní láti yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, nítorí pé wáyà kan tí ó bá já lókè, ikú ni. Ó ṣojú Bessie tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan já lulẹ̀ tí ó sì kú. Kò tìtorí rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 1921, ó gba ìwé àṣẹ àjọ FAI, tí ó jẹ́ ti àgbáyé.

Bàálù tí àwọn ológun tà ní gbàǹjo

Nígbà tí ó padà dé, òkìkí kàn, ṣùgbọ́n òkìkí kì í ra oúnjẹ. Ọ̀nà tí awabàálù bíi tirẹ̀ lè fi jẹun nígbà náà ni kí ó máa dárà lójú ọ̀run kí àwọn ènìyàn san owó wòran. Bessie tún padà sí Yúróòpù ní 1922, ó dé Faransé, Holland àti Jámánì, ó sì kọ́ àwọn àrà náà. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó ṣe àfihàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Long Island, New York, láti fi bọlá fún àwọn ọmọ-ogun adúláwọ̀ ti ẹgbẹ́ ogun 369 tí wọ́n ti jà ní Faransé.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bàálù tí àwọn aláfihàn ń lò, nítorí pé ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù kún ọwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí kò nílò mọ́. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni Curtiss JN-4, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Jenny. Òun ni wọ́n fi kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn awabàálù ológun Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin 90 lọ, eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí máìlì 75 ní wákàtí kan. Ìjọba tà wọ́n ní gbàǹjo fún ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan. Ẹni tí ó bá rà á a gbé e lọ sí pápá kan, a bẹ̀rẹ̀ àfihàn. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awabàálù, kò sì sí èyí tí ó ní kí a yẹ bàálù wò kí ó tó gbéra.

Irú bàálù yìí ni Bessie rà ní California. Ní oṣù Kejì ọdún 1923, bí ó ti gbéra ní Santa Monica tí ó ń lọ síbi àfihàn ní Los Angeles, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lókè. Bàálù já lulẹ̀. Ẹsẹ̀ Bessie kán, egungun ìhà rẹ̀ kán, bàálù náà sì bàjẹ́ pátápátá. Kàkà kí àwọn òǹwòran tí ń dúró dè é ṣàánú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè owó wọn padà.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàálù tí ó yá ni ó ń lò. Láàárín àfihàn kan sí èkejì, ó ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé sinimá, ó ń gba àwọn adúláwọ̀ níyànjú láti kọ́ bàálù wíwà. Ohun tí ó ń lé ni láti dá ilé ẹ̀kọ́ bàálù sílẹ̀ fún wọn. Kò sì jẹ́ kí owó gba iyì rẹ̀. Ó kọ̀ láti ṣe fíìmù kan nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó wọ àkísà jáde. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe àfihàn ní Waxahachie, wọ́n la ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún funfun, ọ̀tọ̀ fún dúdú. Ó ní bí kò bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan náà, òun kò ní fò. Wọ́n gbà fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ya ìjókòó wọn sọ́tọ̀ nínú.

Sípánà kékeré kan

Ní 1926, wọ́n pè é fún àfihàn ní Jacksonville, Florida, fún ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún. Ó ti ń san owó Jenny kan díẹ̀díẹ̀ ní Dallas, ọlọ́rọ̀ kan ní Orlando sì bá a san èyí tí ó kù. William Wills, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó ẹni ọdún 24, tí ó jẹ́ awabàálù àti mẹkáníìkì, ni ó wà á wá láti Dallas. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ẹ́ńjìnnì yọ ọ́ lẹ́nu lọ́nà tí ó fi ní láti sọ̀kalẹ̀ níbi tí kò rò. Ó ya àwọn awabàálù tí wọ́n rí i ní Jacksonville lẹ́nu pé ó tilẹ̀ dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, àwọn méjèèjì gbéra láti yẹ pápá wò. Wills ni ó ń wà á. Bessie fẹ́ fi páráṣúùtì bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì fẹ́ yọrí wo ilẹ̀ kí ó mọ ibi tí òun yóò bọ́ sí. Nítorí náà, kò so bẹ́líìtì. Lójijì, bàálù náà doríkodò, ó ń yí bí òkòtó. Bessie já bọ́ láti inú rẹ̀, ó sì kú. Wills kò rí bàálù darí mọ́, òun náà já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ti ń gbìyànjú láti yọ òkú rẹ̀, ẹnì kan ṣáná sí sìgá, epo gbiná, bàálù sì jóná. Nínú ohun tí ó kù ni wọ́n ti rí sípánà kan, irú èyí tí wọ́n fi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí ó ti há mọ́ ibi tí a fi ń darí bàálù. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹni ọdún 34 ni Bessie. Àwọn ìwé ìròyìn òyìnbó kan ń sọ ti Wills ṣáá, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú bàálù. Ṣùgbọ́n ní Chicago, nǹkan bí 10,000 ènìyàn ni ó jáde fún ìsìnkú rẹ̀. Ida B. Wells, akọni obìnrin tí ó ti fi kálámù bá àwọn apànìyàn jà, ni ó darí ètò náà.

Ohun tí ó yí padà

Ogún ọjọ́ lẹ́yìn ikú Bessie, ní ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún ọdún 1926, Ààrẹ Coolidge fọwọ́ sí òfin ìjọba àpapọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ń ṣàkóso bàálù wíwà. Kì í ṣe nítorí Bessie ni wọ́n ṣe é, wọ́n ti ń jíròrò lórí rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n irú ikú bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ dá dúró. Awabàálù gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ìjọba sì gbọ́dọ̀ yẹ bàálù wò. Láàárín ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ Jenny ni kò lè gòkè mọ́.

Lónìí, níbi àfihàn bàálù ní Amẹ́ríkà, ìlà kan wà tí awabàálù kò gbọdọ̀ kọjá: ẹsẹ̀ bàtà 500 sí 1,500 sí ibi tí àwọn òǹwòran wà, gẹ́gẹ́ bí eré bàálù náà bá ti tó. Àwọn mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ a máa ka irinṣẹ́ wọn kí wọ́n tó dé ojú bàálù padà. Bí sípánà kan bá dín, bàálù kò lọ ibì kankan. Síbẹ̀, ewu kò tán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, bàálù méjì, irú èyí tí wọ́n lò nígbà ogun àgbáyé kejì, kọlu ara wọn níbi àfihàn ní Dallas, ènìyàn mẹ́fà sì kú. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ rí i pé kò sí ètò tó péye tí wọ́n ti fẹnu kò sí ṣáájú láti mú kí àwọn bàálù náà jìnnà síra. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Nínú èrò tiwa, ìgboyà kò wọ́n Bessie, ìmọ̀ kò sì wọ́n ọn. Owó ni ó wọ́n ọn. Ohun tí àwọn ológun ti lò tì ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, òun náà ni ó sì fi la ọ̀nà. Èyí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó jẹ́ pé mọ́tò àlòkù ni a fi bẹ̀rẹ̀ ayé níhìn-ín. Kò sí ẹ̀gàn nínú àlòkù. Ṣùgbọ́n àlòkù ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò jù, bẹ́líìtì inú rẹ̀ sì kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Orúkọ rẹ̀ kò parẹ́

Kò sí àwókù Jenny yẹn tí a lè lọ wò. Iná jó o. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tọ́jú orúkọ rẹ̀. Ní 1929, William Powell dá ẹgbẹ́ awabàálù sílẹ̀ ní Los Angeles, ó sì fi orúkọ Bessie pè é. Láti 1931, àwọn awabàálù adúláwọ̀ ti Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá lórí ibojì rẹ̀ ní itẹ́ òkú Lincoln láti bọlá fún un. Nínú àwọn adúláwọ̀ Chicago wọ̀nyí ni Cornelius Coffey àti Willa Brown ti jáde, tí wọ́n dá irú ilé ẹ̀kọ́ tí Bessie ń lé sílẹ̀. Ní 1941, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn adúláwọ̀ ní bàálù ogun ní Tuskegee, Alabama. Àwọn awabàálù 992 ni ó parí ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí Mae Jemison lọ sí òfurufú gíga ní 1992, ó mú àwòrán Bessie dání. Àwòrán rẹ̀ wà lórí sítáǹbù ìjọba ní 1995, ó sì wà lórí owó ẹyọ sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní 2023.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá mú àwọn ọmọ lọ sí Washington, ẹ yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìtàn àti àṣà àwọn adúláwọ̀. Bàálù Stearman kan rọ̀ síbẹ̀, tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ Tuskegee níṣẹ́, tí ọ̀gágun kan rà lálòkù, tí ó fi sùúrù tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wòkè wò ó dáadáa, kí ẹ sì sọ ìtàn obìnrin tí ó ṣáájú wọn fún wọn. Ẹ má ṣe yọ ti sípánà sílẹ̀.

Kí ilẹ̀ ó fúyẹ́ lórí Bessie Coleman. Ó di ìgbà mìíràn o.