Abd al-Rahman al-Sufi: Ẹni Tó Fi Ojú Ara Rẹ̀ Wo Ìràwọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, a tún dé pẹ̀lú ìtàn ọ̀kan nínú àwọn onímímọ̀ tó ti kọjá lọ. Ti oṣù yìí, Abd al-Rahman al-Sufi ni. Ìlú Rayy, nítòsí ibi tí Tehran wà lónìí ní ilẹ̀ Iran, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 903. Abẹ́ ọba Adud al-Dawla, ọmọ ìdílé Buyid, ló ti ṣe iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ọba náà kò tijú láti sọ fáyé pé al-Sufi ni olùkọ́ òun nínú ìmọ̀ ìràwọ̀.

Ohun tó ká al-Sufi lára ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìràwọ̀ nígbà náà kì í gbójú sókè wò ó. Ìwé Ptolemy ará Alexandria, tó ti lé ní 800 ọdún, ni wọ́n ń dà kọ. Bí ẹnì kan bá ṣì í kọ, ẹni tó tẹ̀lé e á tún dà á kọ bẹ́ẹ̀. Al-Sufi ní tirẹ̀ wo àwọn ìràwọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo bí wọ́n ti mọ́lẹ̀ tó, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kódà níbi tí kò ti bá ti Ptolemy mu. Ká sòótọ́, ní ti ibi tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ìṣirò Ptolemy náà ló lò. Iye kan náà ló fi kún gbogbo rẹ̀, nítorí pé àwọn ìràwọ̀ ti sún láti ayé Ptolemy. Níbi ìmọ́lẹ̀ wọn ni iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an wà.

Ní nǹkan bí ọdún 964 ni ìwé rẹ̀ parí. Ọ̀wọ́ ìràwọ̀ 48 ló wà nínú rẹ̀, ó sì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: bí a ti ń rí i lókè, àti bí yóò ti rí lára bọ́ọ̀lù tí a ya sánmọ̀ sí, bí ìgbà tí èèyàn wo inú igbá tó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi orúkọ tí àwọn Lárúbáwá ń pè wọ́n sí i. Nínú ìwé yìí ló ti dárúkọ ìkùùkuu kékeré kan lára ọ̀wọ́ Andromeda. Ọdún 1612 ni Simon Marius ará Jámánì tó fi tẹlisíkóòpù wò ó. Lónìí a mọ̀ pé àgbájọ ìràwọ̀ tí kò lóǹkà ni, àti pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ọdún kó tó wọ ojú al-Sufi.

Kò fojú di àwọn kékeré. Adé Gúúsù, ìràwọ̀ 13 péré tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ní ààyè tirẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní al-Qubba, òrùlé bìrìkìtì bíi ti orí mọ́sáláṣí.

Ó kú ní 986, lẹ́ni tó lé ní 80 ọdún. Ihò ńlá kan lójú òṣùpá ń jẹ́ Azophi, bí àwọn ará Yúróòpù ti ń pe orúkọ rẹ̀.

Ní Isfahan, ìsàlẹ̀ sánmọ̀ ni Adé Gúúsù máa ń wà. Lọ́dọ̀ wa níbí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Láàárín oṣù kẹjọ, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, bí òjò bá gbà wá láyè, ẹ kọjú sí gúúsù, ẹ wá ìrù Àkeekèé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì ló ká kò sí.